Wáìnì Faransé Lórí Tábìlì Olúwa

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, mo tò fún tíkẹ́ẹ̀tì reluwé l'Óṣogbo, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Faransé dé àti bàbá rẹ̀, alàgbà ìjọ kan n'Íléṣà, wà níwájú mi.

“Bàbá, ìgò wáìnì tí mo fi ránṣẹ́ láti Faransé pé kí ẹ bá mi tọ́jú di ọjọ́ ìgbéyàwó mi ńkọ́?”

“Wáìnì ìjọ tán lọ́jọ́ tí a fẹ́ jẹ Ara Olúwa. Mo bá gbé ìgò rẹ jáde.”

“Bàbá, ìdílé kan ṣoṣo ló ń gbin àjàrà yẹn láti ayé baba ńlá wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi tọ́jú wáìnì náà.”

“Mo rí ọdún náà lára ìgò. Ẹmu ọjọ́ kejì ń kan, mélòómélòó ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tọ́ ọ wò, ó korò. Ìyá rẹ fi ṣúgà sí i, a sì bu omi là á kó lè kárí.”

“Wọn kì í tọ́ ọ wò báyẹn. Ẹ óò gbóòórùn rẹ̀, ẹ óò gbé e sẹ́nu, ẹ óò yí i kiri, ẹ óò wá tu ú dànù.”

“Tu ú dànù?”

“Àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́ wò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ náà tu ú?”

“Mo tu ú.”

Bàbá ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu, “tu ú dànù, tu ú dànù,” títí ó fi kàn wọ́n lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì.

“Bí o bá ń kọ̀wé sí ìdílé tó ń gbin àjàrà yẹn, bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé gbogbo ìjọ wa ló mu ún, kò sí ẹnì kan tó tu tirẹ̀ dànù.”