Ìkámà Ramla Wà Lápò Mi

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn. Ramla, jókòó sítòsí mi, kí Bùsírátù náà jókòó. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, nítorí dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, n ò sì mọ̀ bóyá màá rí Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Tí mo bá dúró, ẹ̀rù á tún bà mí, màá sì gbé e mì.

Gbogbo Ghulail, àdúgbò wa ní Jìdá yìí, ló mọ̀ mí sí Àlàájì Abdulfattah, ẹni tó ń yáni lówó títí owó oṣù á fi wọlé. Mo máa ń pariwo pé n kì í gba èlé. Irọ́ ni. Ẹ rántí léèsì tó wà nínú ọ̀rá lórí pẹpẹ mi? Ẹni tó bá fẹ́ irinwó ríyàlì, màá ta léèsì yẹn fún un láwìn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, lójú ẹsẹ̀ màá rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní irinwó, owó lọ́wọ́. Léèsì ò kúrò lórí pẹpẹ rí. A ó ṣe bísímílà, a ó bọ ara wa lọ́wọ́, ó ti di òwò nìyẹn. Àbí ta ni mo rò pé mò ń tàn jẹ, èmi aláìnítìjú? Màá wá gba ìkámà onítọ̀hún, ìwé ìgbélùú rẹ̀, ṣe ìdógò.

Abdulkarim, ọmọ ìlú wa tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà nígbà náà, kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Àlàájì, bí ẹnì kan bá gbé yín dé iwájú adájọ́, irinwó tó dé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ní kó san. Tí ò bá sì ní in, Kùránì ní kí wọ́n fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìkámà ò sì ṣe é fi dógò.” Mo rẹ́rìn-ín, mo bu dàbínù fún un. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó jẹ mí lówó ni pé ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, Nàìjíríà ni wọ́n máa dá a padà sí. Ẹ gbà mí gbọ́.

Ramla, ọdún 1996 ni ìyá rẹ ń bọ̀ wá ṣe Hájì. O yá irinwó ríyàlì lọ́wọ́ mi kí o lè ra nǹkan tí wọn yóò gbé lọ sílé. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, o wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi. O ní, “Àlàájì, ẹ yọ̀ǹda ìkámà mi lọ́la nìkan, kí n lọ pàdé màámi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn.” Mo ní, “San owó ná.” O lọ bẹ́ẹ̀ láìní ìwé. Àwọn ọlọ́pàá mú ọ lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé ọ lọ sí Tàrìílì, níbi tí wọ́n ń kó èèyàn pa mọ́ sí kí wọ́n tó dá wọn padà sílé.

Bùsírátù, ìwọ lo sáré wá bá mi. O ní, “Àlàájì, ẹ gbé ìkámà ẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n á tú u sílẹ̀.” Mo fi í sápò lóòótọ́. Mo dé ẹnu géètì. Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ló ṣe dé ọwọ́ mi ńkọ́? Wọ́n á gba ìwé tèmi náà. Mo bá yí padà. Mo sọ fún yín pé wọ́n lé mi. Irọ́ ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ gbà ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Hájì, Ramla, o tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú, o sì san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà pé. Mo gbà á.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Láti géètì yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo gbà lọ, ní pápákọ̀ àwọn alálàájì, níbi tí mo ti ń fọ̀nà han àwọn ará ilé. Mo bá ìyá kan tó jókòó lórí ẹrù, kò gbà kí wọ́n fi òun sínú bọ́ọ̀sì Mẹ́kà. Ó di ọwọ́ mi mú. “Àlàájì, ẹ bá mi wá ọmọ mi. Ramla ni wọ́n ń pè é, àpá kan wà ní àgbọ̀n ẹ̀.” Àwòrán rẹ wà lápò mi lórí ìkámà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ìyá, Jìdá tóbi. N ò mọ̀ ọ́n.” Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Ẹ mọ ìyókù: wọ́n kú ní Mẹ́kà lẹ́yìn Árífà, wọ́n ti sin wọ́n kí o tó jáde. O máa ń sọ pé oríkunkun tìrẹ, bí o ṣe jáde láìní ìwé, ló fà á tí o kò fi rí wọn. Kì í ṣe ìwọ, Ramla. Èmi ni.

Bùsírátù, sọ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé wọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí owó. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí irú mi fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà wọ́n. Kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin.

Ramla, ìyá rẹ rán mi níṣẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọ́n ní tí mo bá ṣe kòńgẹ́ rẹ, kí n sọ fún ọ pé àwọn ò bínú pé o kò wá sìnkú bàbá rẹ. Àwọn mọ̀ pé owó ọkọ̀ ni ò sí. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti di iṣẹ́ náà mọ́nú. Bí o bá fẹ́ dìde máa lọ, máa lọ. Bí o bá lè dárí jì mí, sọ ọ́ kí etí mi gbọ́.