Mo Parọ́ Nípa Ọkàn Alhaja

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ẹ ó bú mi ṣá, èmi náà ti bú ara mi títí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti gbé e pamọ́, ìpè tí mo gbà lánàá ló jẹ́ kí n la ẹnu.

Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkàn wò ní Súrúlérè. Èmi ni mo máa ń lẹ wáyà mọ́ àyà èèyàn, tí màá ní kó máa rìn lórí ẹ̀rọ tí kì í kúrò lójú kan, tí màá sì máa mú ẹ̀rọ náà yára títí ọkàn rẹ̀ á fi lù dé ibi tó yẹ. Tí àìsàn bá fara pamọ́ síbẹ̀, ìgbà yẹn ló máa yọjú.

Alhaja kan wá láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn tipẹ́. Dókítà wọn ló ní kí wọ́n wá, torí ìtọ̀ ṣúgà máa ń jẹ́ kí ara má mọ ìrora mọ́. Ọkàn lè máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí àyà má dun èèyàn rárá.

A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, dín in kù jàre, ẹsẹ̀ ń ro mí. Àwọn ọmọ ẹ náà á tọ́jú ẹ." Mo dín in kù. Mo fẹ́ fi kún un padà, wọ́n wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mí tí màá máa pàṣẹ fún ìyá àgbà pé kó sáré? Mo pa ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé àyẹ̀wò ò parí, kí dókítà wá ọ̀nà mìíràn. N ò kọ ọ́. Mo kọ iye tí ọkàn wọn ò lù dé. Àyà ò kúkú dùn wọ́n, mo kọ ọ́ síwèé pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn wọn. Ẹ wo òmùgọ̀!

Níbi iṣẹ́, wọ́n ń yìn mí pé mo ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé wo? Ojo ni mí. Inú ń bí mi sí ẹnu tí mo fi ń sọ "ẹ rọra, mà" yìí.

Alhaja ń fi ìwé àyẹ̀wò yẹn han gbogbo èèyàn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí, wọ́n ní èémí àwọn máa ń gé tí àwọn bá gun àtẹ̀gùn, àti pé àgbà ló dé, ọkàn àwọn ṣáà dá ṣáṣá. Mo ṣe àmín!

Lánàá, wọ́n tún pè. Àbúrò wọn ní Àgùdà náà ní ìtọ̀ ṣúgà, dókítà rẹ̀ sì ti ní kó lọ ṣe irú àyẹ̀wò yìí níbòmíràn. Alhaja ní rárá o. "Ọ̀dọ̀ ẹ ni mò ń mú un bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti sọ fún un pé ìwọ kì í fìyà jẹ àgbà."

Láàárọ̀ yìí mo pè wọ́n láti jẹ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo pa fóònù.

Tí wọ́n bá lé mi níṣẹ́, ó tọ́ sí mi, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bi yín. Tí mo bá dé ilé wọn lónìí, tí mo kúnlẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí láti súre fún mi, kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ?