Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Ìyá Wa

Lọ́la ni wọ́n máa fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun àǹtí tó ń ta ẹran omi. Dókítà ò fi bò fún un: kókó tó wà níbẹ̀ máa jáde, àmọ́ ohùn rẹ̀ lè bá a lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ àbúrò ìyá wọn, ọmọbìnrin tí gbogbo ẹbí ń pè ní Jẹ́jẹ́, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ẹ má wò mí bí ẹni tó fẹ́ dágbére," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju kókó yẹn lọ. Mi ò ní jẹ́ kí dókítà gé e dà nù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ná, kí ẹ tó máa ṣojú àánú."

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ẹja aláràbarà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè asólótù. Ẹni tí kò bá rí asólótù rí, kó ro alángbá tí kò ní ìpẹ́, tó ń gbé inú omi tútù, tí ẹnu rẹ̀ sì rí bí ti ẹni tó gbọ́ àwàdà tó ń pa á mọ́ra. Ohun tó fi ń mí wà níta gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ méjèèjì, bí ìyẹ́ pupa. Ìhòòhò lara rẹ̀ wà. Ohunkóhun téèyàn bá dà sómi, ara rẹ̀ lèèyàn dà á sí. Omi ẹ̀rọ sì ní kilorínì nínú, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí àwa ènìyàn lè mu ún láìṣàìsàn. Ohun tó ń dáàbò bò wá yìí ló ń jó asólótù lára. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sìn ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn tó ń pa oró kilorínì sómi.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ ta ti ẹlòmíràn, ó ṣe tirẹ̀. Ó po oògùn náà mọ́ oje àlófẹ́rà, nítorí ìyá wọn tó ti dolóògbé kò mọ oògùn méjì láyé: ọmọ jóná, àlófẹ́rà; ọmọ ṣubú, àlófẹ́rà; ọmọ parọ́, àlófẹ́rà lórí ahọ́n. Ó lẹ àwòrán ìyá náà mọ́ ara ìgò, ó pè é ní Ìtọ́jú Ìyá. Fún ẹja tó ní ìpẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Àmọ́ àǹtí rí ohun tó ṣe fún asólótù nínú àpótí gíláàsì tirẹ̀ gan-an: ìyẹ́ ọrùn ká síwájú, awọ ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ara àlùbọ́sà. Ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. "Bọ̀dá, oje yìí ò bá wọn lára mu. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí ìyá wa fi tọ́jú rẹ títí o fi dàgbà, òun lo fẹ́ pè ní májèlé?" Àǹtí tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

"Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ yín létí," àǹtí wá ní báyìí nínú yàrá ẹ̀yìn náà, "mo fọwọ́ ṣe é. Gbogbo ìgò tó bá fẹ́ jáde níbí, gọ́tà ni mo máa ń da ohun inú rẹ̀ sí, màá wá fi oògùn tó ń pa kilorínì nìkan kún un, láìsí oje kankan. Àwòrán ìyá wa ló wà lára ìgò, iṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń yangàn kiri, bọ̀dá, ẹ ò ṣe é rí. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tí ẹ ní kí n máa tà fún inú àpótí, mo kó wọn pamọ́, torí asólótù máa ń gbé òkúta mì mọ́ oúnjẹ. Fóòmù tó ń sẹ́ omi inú àpótí, èyí tó lójú gbòòrò, ni mo ń fún àwọn ènìyàn, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, omi inú àpótí ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má baà pa àwọn kòkòrò rere tó ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín gbígbẹ. "O wá ń fi ojú ìyá wa parọ́ fún oníbàárà."

"Mò ń fi ojú ìyá wa gba ẹ̀mí là. Ẹ gbé ìgò kan wá báyìí, màá tún un ṣe lójú yín. Ẹ má retí kí n tọrọ ìdáríjì lórí ìyẹn, mi ò ní tọrọ."

Síbẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń bá wọn tajà nígbà yẹn, tó ń múra sílẹ̀ láti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ibà dá àǹtí dùbúlẹ̀, ìgò tó wà nílẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n sì kọ́ Jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ọmọbìnrin náà wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe wí, kò fi ẹ̀kán kan kún un. Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì rà lára rẹ̀. Kò pẹ́, ó gbé asólótù rẹ̀ wá nínú abọ́ funfun, ó ti kú. "Ìgò kan náà ni mo ti ń lò látọjọ́ yìí," ìyá náà ní, "kí ló yí padà?" Jẹ́jẹ́ ní bí wọ́n ṣe ní kí òun wọ̀n ọ́n ni òun ṣe wọ̀n ọ́n.

"Òótọ́ lo sọ," àǹtí ní, "èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Tí mo bá lanu, gbogbo àṣírí ìgò á jáde síta. Mo wò ẹ́ lójú, mo ní, 'O ṣì í wọ̀n ni.' Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàánú ẹ, ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀. Bọ̀dá ní kó o máa lọ. Mo bá ẹ di ẹrù. Èmi burúkú yìí, mo tún fi bísíkíìtì sí i fún ẹ."

Jẹ́jẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mi ò padà lọ gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn," ó ní. "Mo ní, ọwọ́ tó ṣi oògùn ẹran wọ̀n, ṣé òun ni kó wá wọn tọmọ ènìyàn? Ní ilé ìfọṣọ tí mo wà, ọṣẹ lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Àǹtí ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé iṣẹ́ nìkan ni òun gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Àgbọ̀n tó ti gbé sókè látàárọ̀ wá sílẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ò ṣìṣe," ó ní. "Ṣé o gbọ́? Kò ṣìṣe rárá."

"A jẹ́ pé èmi ni mo pa ẹran yẹn," ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Oje yín ló pa á. Èmi ni mo sì mú kí ìyá yẹn gbẹ́kẹ̀ lé ìgò náà débi tí kò fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká jọ pín ẹ̀bi rẹ̀." Ó dojú kọ Jẹ́jẹ́. "Ti ìgò, mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tìẹ ni mò ń tọrọ. Tó ò bá dárí jì mí, o ò jẹ̀bi."

"Mi ò tíì mọ̀, àǹtí. Ẹ dìde ná. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé màmá agbẹ̀bí. Ibi tí ẹ ti bà mí jẹ́ ni kí ẹ ti lọ tún mi ṣe."

Ẹ̀gbọ́n ní dókítà ti sọ pé kó sinmi. Àǹtí ti ń wá bàtà rẹ̀. "Mo ti sinmi tó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní.

Ilé ìyá agbẹ̀bí ò jìnnà. Ojú ilẹ̀kùn ni àǹtí dúró sí tó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì bu iyọ̀ sí i, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ìyá náà fara ti férémù ilẹ̀kùn títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó kọ́kọ́ bá Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Mo ti pàdé ẹ lọ́nà tí mo ṣe bí ẹni tí kò rí ẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Jọ̀ọ́, wọlé." Ó wá wo àǹtí. "Ìwọ, mo gbọ́ ẹ." Jẹ́jẹ́ wọlé, ìyá náà sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Ó yẹ kó ní ká wọlé," ẹ̀gbọ́n ní.

"Kò yẹ. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín, bọ̀dá, torí mi ò mọ̀ bóyá màá lè sọ ọ́ fún wọn fúnra mi: ẹni tó bá mọ òótọ́, kó má fi í pamọ́ sínú ìgò ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ìgò náà bá fọ́, ẹsẹ̀ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló máa gé."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àǹtí ò jókòó. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó ń retí kó ṣí, tàbí kó má ṣí.