Ìṣó Tútù Inú Àga Àlùfáà

"Ẹ gbọ́ o, òtítọ́ dé lónìí: èmi ni mo ba àga yìí jẹ́!" Báyìí ni Jímọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe là á mọ́lẹ̀ níwájú ìjọ Áńgílíkà ní Iyere. Mùsùlùmí ni, òun ló sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn tó ń ṣe òun ò jọ èyí tí yóò lọ, òun ò sì ní gbé ẹrù yìí wọ sàréè.

Babátọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló kan àga àlùfáà náà. Háà, ọwọ́ ọkùnrin yẹn! Kì í lo ìṣó onírin rárá. Igi ni yóò wọnú igi, ìṣó onígi yóò sì dè é pa. Orí àjà ààrò ló ti ń sá ìṣó náà, títí yóò fi gbẹ bí egungun. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ò ní mọ ibi tí igi méjì ti pàdé.

"Ṣọ́ọ̀bù kan náà la wà l'Ọ́wọ̀," ni Jímọ̀ wí. "Oníbàárà á kí mi, á kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlara wọ̀ mí lẹ́wù, èmi ìkà! Lọ́jọ́ tó ń kan àga yìí, nígbà tó lọ jẹun, mo yọ ìṣó gbígbẹ kan, mo fi tútù rọ́pò. Mo mọ̀ pé bó bá gbẹ, yóò súnkì, àga á sì tú."

Àga tú lóòótọ́, àlùfáà sì ṣubú níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ní ìyẹn kọ́ ló burú jù. Babátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ wá bá òun, ó ní, "Jímọ̀, bá mi wò ó, níbo ni mo ti ṣì í?" Òun sì dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n." Babátọ́pẹ́ gbà á gbọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ dáko ní Elegbeka.

"Ẹ̀yin ìjọ náà lẹ ní kí n wá tún àga yìí ṣe," ni Jímọ̀ tún wí. "Mo gbá a, mo fà á, kò mì, àfi ibi tí mo fi ìṣó tútù sí. Mo jókòó ti iṣẹ́ yẹn, mo sunkún, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọwọ́ ẹnìkan bá dáa ju tiyín lọ, ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí."

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn, níbi tí Babátọ́pẹ́ jókòó sí. Jímọ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Babátọ́pẹ́ dìde, ó rọra rìn dé ibi àga náà. Inú bí i, ó hàn lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n pẹ́. Wọn ò gbọ̀n.

"Jímọ̀, o jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ọwọ́ ara mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́ àtimáa sá ìṣó sórí àjà."

Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìṣó onígi kan tó ti dúdú fún èéfín. "Jímọ̀, gbé òòlù wá."