Mina Ni Mò Ń Gbé Lọ Sílé

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti Lomé pa, mo jókòó ní àdúgbò Adewui níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan àti ìyá tó ń dirun fún un.

"Màmá, wọ́n ní bọ́dà máa ṣí lọ́la, mo ti ń lọ nìyẹn. Faransé ni mo wá kọ́. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, Mina táwọn ará àdúgbò ń sọ ló wá yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mina ni mò ń gbé lọ sílé."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ṣáà máa sọ Mina náà fún wọn. Ta ló fẹ́ mọ̀ n'Íbàdàn pé kì í ṣe Faransé?"

"Bàbá mi. Lomé níbí ni wọ́n dàgbà sí. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, wọn ò rí ẹni bá wọn sọ Mina mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni màá ti fi kí wọn."