Ológbò Àlàájà Kulthum Wà Nínú Páálí Mi

Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe àdúà ìlera tí ẹ torí rẹ̀ wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yin kò mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ tọrọ fún. Dókítà ti sọ tirẹ̀, èmi náà sì mọ ohun tí ara mi ń sọ fún mi láràárọ̀. Láti ọdún 1996 ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ ahọ́n. Alfa Màrúf ọkọ mi ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, Ọlọ́hun kó forí jìn ín. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó dágbére fáyé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Jelilat, má gbé e dé sàréè. Mo ti gbé e jù.” Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n pe Abdulfattah wá. Òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ Àlàájà Kulthum ni, ìyá tí gbogbo àdúgbò yìí gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú kó tó kú. Orí ìyá yẹn kò dàrú. Èmi ni mo sọ fún un pé ó dàrú, ó sì gbà mí gbọ́.

Ìlú Mẹ́kà la wà nígbà náà, ní àdúgbò Káákíyà. Ọkọ mi ń kọ́ ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì. Bó bá ti kí àsùbáà tán, ó di ẹ̀yìn aláásárì kí n tó tún fojú kàn án. Èmi nìkan ni yóò kù nínú iyàrá méjì, lórí àjà kẹta. N kò gbọ́ Lárúbáwá ju kí n kí ènìyàn lọ, obìnrin kì í sì í dá rìn káàkiri níbẹ̀ bí a ti ń rìn nílé. Oyún ti bọ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà, kí nǹkan kan lè máa sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kanlẹ̀kùn mi ni Àlàájà Kulthum. Opó ni, ọmọ Ẹdẹ bíi tiwa, ó sì ti lò ju ogún ọdún lọ ní Mẹ́kà. Ilé tó tẹ̀lé tiwa ló ń gbé. Ó ń rán àpò kékeré tí àwọn àlàájì máa ń fi kọ́rùn, tí wọ́n ń kó ìwé ìrìnnà sí. Wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ sí Mọ́là, itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà nínú ìlú Mẹ́kà. Bó bá ti ń rán àpò, á máa sọ pé, “Ìyàwó, n kò tọrọ ilé, n kò tọrọ ọkọ̀ mọ́. Ìwọ̀n ilẹ̀ tó lè gba ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn ni mò ń tọrọ.” Ta ni nínú wa tí kò ní ṣe àmín sí irú àdúà bẹ́ẹ̀?

Ológbò kan ló ń bá a gbé. Àníkẹ́ ló sọ ọ́. Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ funfun, etí òsì rẹ̀ sì gé lẹ́nu. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ẹ óò gbọ́ ohùn Àlàájà dé òpin òpópónà: “Àníkẹ́ o! Abojú-bí-wúrà, wá jẹun o!” Àwọn Lárúbáwá á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, mo gbọ́ tí nǹkan ń rìn lórí ẹ̀rọ amúlétutù tó yọ sí ìta fèrèsé wa. Àníkẹ́ ni. Orí òrùlé ló gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣí fèrèsé, ó wọlé, ó yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká jọ sórí itan mi, ó ń kùn. Ìyá mi ni mo rántí, mo sì sunkún. Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo mọ ilé ẹni tó ni ín. N kò ní rin ogójì ìṣísẹ̀ kí n tó débẹ̀. Mo ní, jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, mo ní, jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ̀yin èwe tó wà níbí, ẹ gbọ́ o: Ṣàìtáánì kì í sábà sọ fún ọmọlúàbí pé kó jalè. Ó kàn máa ń ní kó di ọ̀la ni.

Mo ń fún un ní ẹja inú agolo, mo sì ń tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù bí ọkọ mi bá ti fẹ́ wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀, tí Màrúf kò lọ síléèwé, Àlàájà Kulthum wọlé wá, ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀ lórí.

“Alfa, ẹ gbà mí. Àníkẹ́ ti lo ọjọ́ mẹ́ta níta. Ẹ bá mi kọ ọ́ ní Lárúbáwá, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ kọ ọ́ pé etí rẹ̀ gé. Ẹ kọ ọ́ pé kò mọ eku pa, ọ̀lẹ ni.”

Màrúf rẹ́rìn-ín. “Àlàájà, ṣé ká kọ ti ọ̀lẹ náà?”

“Ẹ kọ ọ́! Kí ẹni tó gbé e má baà rò pé òun rí òṣìṣẹ́.”

Èmi ni mo bu omi fún un mu. Èmi ni mo ń pàtẹ́wọ́ ṣe “ó mà ṣe o”, tí ohun tó ń wá wà lẹ́yìn ògiri kan ṣoṣo sí i.

Màrúf lọ lẹ ìwé náà. Nígbà tó dé, ó ní òun fẹ́ mú jálámíà. Kí n tó sáré dé iyàrá, ó ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, Àníkẹ́ sì fò jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé kan tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Jelilat! Ṣé o mọ ìlú tí o wà? Níbòmíràn, ẹni tó bá he nǹkan, tó sì kéde rẹ̀ fọ́dún kan gbáko, lè lò ó. Ti Mẹ́kà kò rí bẹ́ẹ̀! Ànábì sọ pé ohun tó bá sọnù níhìn-ín kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni láti mú, àfi ẹni tí yóò kéde rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ọ́ nínú ìdánwò!”

Mo ní, “Bí ẹ bá gbé e padà, Alfa, ẹ gbé èmi náà dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin ní ìwé, ẹ ní ọ̀rẹ́, ẹ ní mọ́sálásí. Kí ni mo ní?”

Ó jókòó sílẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Jídà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó sì kó lọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó dára. Jídà kò sí nínú ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mẹ́kà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí àyè nínú òfin. Bí ẹni pé Ọlọ́hun Mẹ́kà kì í dé Jídà!

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá Àlàájà wá ológbò. A bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, a wo ẹ̀yìn bàkálà, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra búrẹ́dì. Ó fi èjìká mi ṣe ọ̀pá. Ó ní, “Ìyàwó, àwọn kan ń fi mí ṣẹ̀sín pé nítorí ológbò. Ìwọ ni ó yé. Bí mo bá jí láàárọ̀, òun ni mo ń sọ fún pé mo jí ire.” Ó yé mi, ẹ̀yin ìyá. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Bí kò bá yé mi ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù, mo gbé Àníkẹ́ sínú páálí, mo dá ihò sí i lára, mo sì fi ẹní ìkírun bò ó. Màrúf ń gbé ìbùsùn sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Àlàájà wọlé wá dágbére. Ó rán àpò kan fún mi, aláwọ̀ ewé, ó kó èso dàbínù sínú rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, páálí sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́hun fi ọmọ tù mí nínú. Ohùn yẹn ni Àníkẹ́ gbọ́. Ó ké.

Àlàájà dá àdúà dúró. “Ìyàwó, ṣé o gbọ́?”

Mo ní, “Kí ni, Àlàájà?”

Ó tún ké, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá náà dìde. “Àníkẹ́! Ohùn rẹ̀ nìyẹn! Inú ilé yìí ni!”

Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di tirẹ̀ mú, mo ní, “Àlàájà mi, kò sí ohun tó ké. Ìrònú ti pọ̀ jù fún yín.”

Màrúf wọlé lákòókò náà. Àlàájà kọjú sí i bí ẹni tó rí adájọ́. “Alfa, ẹ̀yin tí Kùránì wà lórí yín, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ gbọ́ ológbò?” Ológbò náà sì ń ké lọ́wọ́! Ọkọ mi wò mí. Ó ní, “Rárá, Àlàájà.”

Ìyá náà rọra padà jókòó. Ó fi ìka tẹ etí kan, ó fi tẹ ìkejì. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì kò lè parọ́ fún mi. A jẹ́ pé orí mi ni. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa. Lọ́wọ́ wa!

Ní Bàgìdádíyà, ní Jídà, ológbò tí mo gbé pé kó bá mi gbé kò bá mi gbé. Ẹ̀yìn fìríìjì ló wọ̀, ó kọ̀ láti jáde. Èmi a dojúbolẹ̀ sórí síméǹtì, èmi a na ẹja sí i, ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí nínú òkùnkùn. Mo dá wà ju ti Káákíyà lọ. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹni tó wá tún amúlétutù ṣe fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, Àníkẹ́ sì lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a láàárín àwọn ilé ìtajà, mo ń bi àwọn ọmọdé léèrè “bissa, bissa”, bí wọ́n ti ń pe ológbò níbẹ̀. Kò sí ohun tí n kò fi pè é. Ní ọjọ́ kẹrin, lábẹ́ ọkọ̀ kan tí táyà rẹ̀ ti jò, mo mú ohùn Àlàájà, mo ní, “Abojú-bí-wúrà, wá jẹun o!” Ó yọ jáde. Ó ti rù. Ó gbóòórùn mi, ó sì tún padà sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe èmi ló ń retí. Mo jókòó sí ojú títì ní gbangba, mo sunkún. Mo mú un. Mo sọ fún Màrúf pé, “Lónìí ni à ń dá a padà. Bí wọn yóò bá sọ wá lókùúta, kí wọ́n sọ wá.”

A dé Káákíyà, ilẹ̀kùn Àlàájà wà ní títì. Ọkùnrin oní bàkálà sọ fún Màrúf pé ìyá náà ti rìnrìn àjò lọ sílé láti ìjẹta. Ó ní, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ti ń gbọ́ ohun tí kò sí, pé òun ń lọ kí òun má baà di ìyọnu sí ìlú Ọlọ́hun. Ọmọ rẹ̀ ló fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ìjẹta! Àníkẹ́ fò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí mọ́. Oní bàkálà ní ká fi í sílẹ̀, òun yóò máa fún un lóúnjẹ. A fi í sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé mo kọ̀wé sí i. N kò kọ. Ìtìjú dí mi lọ́wọ́. Ní 1998 ó kú níbí ní Ẹdẹ, ẹ sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kì í ṣe Mọ́là. Nígbà tí a padà wálé, Kabirat, ìyàwó Abdulfattah, sọ fún mi láìmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ pé, bí ológbò kan bá ké ládùúgbò, ìyá á fi ọwọ́ bo etí, á ní, “Kò sí ohun tó ké, kò sí ohun tó ké,” títí yóò fi sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá he ohun olóhun, ẹ kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì ti parọ́, ẹ má fi irọ́ náà gba ọgbọ́n orí lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán yín.

Abdulfattah, mo jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún ọ lónìí. Etí ìyá rẹ dá ṣáṣá. Ó gbọ́ igbe Àníkẹ́, èmi náà sì gbọ́ ọ, ọkọ mi gbọ́ ọ. Ohun tí mo ṣẹ̀ sí Ọlọ́hun, mo ti ń sunkún rẹ̀ fún Un. Ohun tí mo ṣẹ̀ sí ènìyàn, Ó ní kí n lọ bá ènìyàn, ẹni tí ǹ bá sì bá ti wà nínú ilẹ̀. Ìwọ ló kù. Bí o bá fẹ́ dìde jáde, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́kun. Bí o bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi dákẹ́, kí n lè gbọ́ ọ.