Bàtà Tó Gbẹ

Òjò há wa mọ́ abẹ́ òrùlé ilé epo kan ní Galadimawa l'Ábùjá, níbi tí mo ti gbọ́ tí bàbá kan ń sọ lórí fóònù pé òun ti dé Lọ́kọ́ja.

Ìyá tó dúró tì í ní, "Ẹ ò ṣe sọ òótọ́, sà?"

"Ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Bàbá ẹ̀ ti kú, èmi ni mo máa jókòó bíi bàbá. Omi tó kún ojú ọ̀nà yìí ò jẹ́ kí n dé páàkì."

"Àwọn ọmọ iléèwé ń là á kọjá. Bàtà yín gbẹ."

Ó mirí. "Ẹ̀rù omi ló bà mí, màmá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

"Wọ́n á dá àwọn àna dúró dè yín lásán. Ẹ pè wọ́n padà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ bàtà tèmi náà gbẹ, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé mọ́tò ló bàjẹ́, ó sì gbà.